Ẹni Tó Fi Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mọ Òkè

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀ mọ̀, ìjókòó ni aránbàtà yìí fi mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni ó fi jókòó sórí àpótí kan náà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan náà, níbi tí òpópónà ti parí tí ẹsẹ̀ òkè sì ti bẹ̀rẹ̀, tí ó ń yẹ ìsàlẹ̀ bàtà àwọn arìnnà wò, tí ó sì ń ti ibẹ̀ sọ bí orí òkè ṣe rí. Kò sí òkúta kan lókè náà tí kò lè júwe. Gbogbo ìlú ń pè é ní Amọ̀nà, òun náà sì ń jẹ́ orúkọ náà láìtijú.

Òkè yẹn gùn gbọọrọ bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ máìlì méjìlélógójì, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin fún ẹni tí kò bá kánjú, pẹ̀lú ilé ìsinmi mẹ́ta tí ènìyàn lè sùn sí. Kò gba góńgó gan-an. Ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè díẹ̀ nísàlẹ̀ góńgó, bí ìgbànú tó ti yọ̀ kúrò ní ìbàdí. Nínú arìnnà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni í bẹ̀rẹ̀ láti ìlú kejì lọ́hùn-ún, nítorí pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì àárọ̀ ń já èrò sí. Ìlú Amọ̀nà ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin wà tí yóò gbé wọn padà sílé. Bàtà tó bá dé ọwọ́ Amọ̀nà, bàtà tó ti rí ogun bọ̀ ni.

Láyé ìgbà náà, bàtà ṣì ń jẹ́ bàtà. Awọ ni, kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ aṣọ. Òwú tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n fi ń rán an, bí ó bá sì ya, ó ní ibi tí ènìyàn lè dì mú. Amọ̀nà yóò yí irú bàtà bẹ́ẹ̀ dojú dé, yóò fi àtàǹpàkò ra ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, yóò sì sọ fún ẹni tó ni ín pé ó sáré sọ̀kalẹ̀ níbi òkúta pupa, níbi tí ó yẹ kó ti rọra. Onítọ̀hún yóò la ẹnu sílẹ̀, nítorí pé lóòótọ́ ni ó sáré. Ibi tí òkìkí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi ń yangàn jù lọ ni ti ẹsẹ̀ òsì. Ó ti ṣàkíyèsí pé gbogbo bàtà tó ti orí òkè dé, etí òde ti òsì ni í kọ́kọ́ jẹ. Ó rò ó, ó tún un rò, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí ẹjọ́ náà: ọ̀nà yẹn dà gẹ̀rẹ́ sí òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti ìlú tirẹ̀, Amọ̀nà kò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Yóò gé pèlébé awọ kan, yóò kàn án mọ́ etí òde bàtà òsì pẹ̀lú ìṣó mẹ́ta tó tò bí ẹsẹ̀ adìyẹ, kí ẹsẹ̀ tí ọ̀nà fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lè ga díẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò pọ̀ lọ́dún, ìlú kejì ni wọ́n sì ń parí ìrìn sí, wọ́n á ti ibẹ̀ gba ilé wọn lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá ṣàròyé rí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Amọ̀nà kà sí ọpẹ́.

Ohun kan wà tí ìlú kò mọ̀. Amọ̀nà kò gun òkè náà rí, bí ó ti wù kó kéré mọ. Ní ọdún tó kọ́kọ́ dé, kò sí ẹni tó lè bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún kejì, àkọ́bí rẹ̀ dé. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, wọ́n ti ń pè é ní Amọ̀nà. Ẹni tí wọ́n sì ti fi jọba, báwo ni yóò ṣe jáde síta lọ bèèrè ọ̀nà ààfin? Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, igun kejì ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń fi ẹ̀rọ rán àpò ẹ̀yìn fún àwọn arìnnà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í júwe afẹ́fẹ́ orí òkè fún àjòjì, yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà kíkankíkan, kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Ẹni tó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Gbogbo ọmọ Amọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá Tún-un-ṣe ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì sọ lórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn: tún un ṣe. Obìnrin náà fẹ́ràn òkè bí àwọn kan ti fẹ́ràn ìjókòó. Kò sí òkè kan láyìíká tí kò tíì rìn já, àfi ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ yìí, tí ó fi sílẹ̀ de ìgbẹ̀yìn bí ọmọdé tí ń fi ẹran ṣe àjẹkẹ́yìn. Nísinsìnyí, orúnkún òsì rẹ̀ ti ń dùn ún. Dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, kò sí òkè mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ máa ń rìn kò ríran dáadáa mọ́. Ìyá Tún-un-ṣe wá gba ṣọ́ọ̀bù Amọ̀nà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, “Ẹ rán bàtà kan fún mi. Ẹ sì wá bàtà tiyín náà. Ẹ̀yin lẹ máa mú mi lọ.”

Amọ̀nà wúkọ́. Ó mẹ́nu ba iṣẹ́ tó pọ̀ nílẹ̀. Ìyá Tún-un-ṣe wo ilẹ̀, ó ka bàtà mẹ́rin. Ó mẹ́nu ba òjò. Ìyá ní òjò kì í rọ̀ nínú oṣù yìí, àti pé ẹni tó mọ òkè bí ẹní mowó kò yẹ kó máa wá àwáwí bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ mú un lọ, Ìyá. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń ròyìn òkè yẹn, ó tó gẹ́ẹ́ kí òkè náà fojú kàn án.”

Ìyá Tún-un-ṣe rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá ọjọ́. Nígbà tó lọ tán, aránṣọ rọ ọkọ rẹ̀ pé kó lọ jẹ́wọ́ fún obìnrin náà kó tó pẹ́ jù. Amọ̀nà béèrè pé kí ni òun fẹ́ jẹ́wọ́.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Mo mọ ọ̀nà náà, Ìyá wa. Àtitẹ̀ ẹ́ ló kù.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi rán bàtà náà, kò sì rán irú rẹ̀ rí. Ó wọn ẹsẹ̀ ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yan awọ tó rọ̀ síbi ọrùn ẹsẹ̀ àti èyí tó le síbi gìgísẹ̀, ó sì fi òwú rán wọn pọ̀ ní ìlà méjì. Nítorí orúnkún òsì tó ń dun obìnrin náà, ó fi inú rere ṣe àfikún: pèlébé awọ mẹ́ta ló tò léra abẹ́ bàtà òsì dípò ọ̀kan. Ó kan ọ̀kan mọ́ tara rẹ̀ náà.

Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀ kùtù. Aránṣọ sìn wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ó fún wọn ní búrẹ́dì àti ẹyin sísè, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó kí àwọn òkúta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Amọ̀nà ló síwájú, ó di ọ̀pá mú, ó ń tọ́ka. Ó ní bí wọ́n bá ti yí igun kejì, wọn yóò rí àpáta ńlá kan lọ́wọ́ òsì tí igi méjì hù lórí rẹ̀. Wọ́n yí igun kejì, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n yí ẹ̀kẹta, àpáta yọ lóòótọ́, igi méjì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló wà.

Amọ̀nà dúró wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ parọ́ mọ́ ọn níwájú àlejò. Ó ní òjò ọdún tó kọjá ló yí òkè padà.

Ìyá Tún-un-ṣe béèrè pé, “Òjò ló gbé àpáta yìí láti òsì sí ọ̀tún?”

“Òjò náà le, Ìyá.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Odò kékeré tó ní ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òsì ló ti ń ṣàn. Àfonífojì jíjìn tó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún lọ́wọ́ òsì, ọ̀tún ló wà tó ń wò wọ́n, ọ̀nà náà sì rọra dà sí ìhà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ojú Amọ̀nà rí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ láti kà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ti ń rìn bí adìyẹ tí okùn wé mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní bàtà tuntun ló fà á. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Tún-un-ṣe kò ráhùn. Ó kàn ń fi ọwọ́ ti itan ní gbogbo ibi tó bá gòkè. Kí wọ́n tó dé ilé ìsinmi kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti jókòó.

Olùtọ́jú ilé náà jẹ́ ọkùnrin ọlọ́yàyà tó máa ń fi ẹ̀mú há ìgbànú bí ọlọ́pàá tó há kóńdó. Ó mú ìyá náà lọ síyàrá kó lọ na ẹsẹ̀, ó sì bu tíì fún Amọ̀nà nídìí tábìlì. Amọ̀nà gbé ife kalẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé tábìlì náà dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ olókùúta tó rí gbágungbàgun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì náà. Pèlébé awọ kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìṣó mẹ́ta ló wà lára awọ náà, wọ́n tò bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

Bí ènìyàn bá pàdé ọmọ rẹ̀ nílé onílé, ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Ti Amọ̀nà kò dùn. Ó wo ẹnu ọ̀nà: pèlébé awọ ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a. Ó wo fèrèsé, ó rí méjì. Ó wo abẹ́ àga gígùn, kò wulẹ̀ kà wọ́n. Ilé ìsinmi náà látòkè délẹ̀, orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló dúró lé.

Olùtọ́jú rí ibi tí ojú rẹ̀ wà, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ ṣàlàyé. Ó ní aránbàtà kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní Amọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ló ń tiro débí. Òun kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ju kóun fi ẹ̀mú yọ awọ náà kúrò lábẹ́ bàtà wọn, kóun sì bu omi tútù sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ó ní, “Ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀, òsì ni ọ̀nà dà sí fún un. Ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ọ̀tún ni. Ọ̀nà kan náà ni, ibi tí kálukú kọjú sí ló yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀yẹn.”

Amọ̀nà fi ohùn kékeré sọ pé bóyá aránbàtà náà kò gun òkè rí.

“Ẹni tí wọ́n ń pè ní Amọ̀nà?” Olùtọ́jú rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Amọ̀nà bá a rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí Ìyá Tún-un-ṣe jáde wá jẹun. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri mú títí ó fi jókòó. Ó bu búrẹ́dì, kò jẹ ẹ́. Ó ní òun ti pinnu. Lọ́la, òun yóò rọra padà sísàlẹ̀.

Ó ní, “Mo ti fi gbogbo ayé mi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé máàkì tí wọ́n bá fún un ni kó gbà. Orúnkún mi ti fún mi ní tèmi. Mo gbà á.” Ó wá kọjú sí Amọ̀nà. “Ẹ ṣeun bàtà yín. Bàtà dára. Ẹsẹ̀ ni kò dára mọ́.”

Kò sí ẹni tó ń lé Amọ̀nà. Bó bá dákẹ́, ìyá náà yóò sọ̀kalẹ̀, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, yóò sì gbà títí láé pé òun kò lè rin òkè tó wà lẹ́nu ọ̀nà òun. Yóò máa sọ fún aráyé pé bàtà Amọ̀nà kò láfiwé. Ìlú yóò máa pe Amọ̀nà ní Amọ̀nà. Ọkùnrin náà wo ife tíì rẹ̀. Ife náà dúró ṣinṣin lórí tábìlì, kò tilẹ̀ mì.

Ó ní, “Ìyá, ẹsẹ̀ yín kò ṣẹ̀. Bàtà ni.”

Ó sì sọ ọ́ tán, láti orí bàtà àkọ́kọ́ tó rí tí etí òsì rẹ̀ jẹ, dé orí awọ mẹ́ta tó tò léra. Olùtọ́jú ilé, tí òye ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé, rántí pé òun ní igi ìdáná tó yẹ kóun lọ kó lẹ́yìnkùlé. Ìyá Tún-un-ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìyí ojú.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti rin òkè yìí?”

“Tá a bá ka tòní?”

“Ẹ ka tòní mọ́ ọn.”

“Kò tíì pé ẹ̀ẹ̀kan, Ìyá. Ìdámẹ́rin ni.”

Amọ̀nà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, bàbá ọmọ mẹ́ta, rí i pé ọwọ́ òun ti ká sórí itan bíi ti ọmọ tó dúró de ẹgba. Kò sí ẹgba. Ìyá Tún-un-ṣe bọ́ bàtà, ó gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì lọ pe olùtọ́jú pé kó mú ẹ̀mú wá.

Iṣẹ́ tó ń fi ojú dídì ṣe nílé wá di tuntun lọ́wọ́ Amọ̀nà. Òkúta róbótó kan ló fi ṣe ìtẹ́lẹ̀, òòlù olùtọ́jú sì wúwo ju tirẹ̀ lọ. Ó yọ awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lábẹ́ òsì, ó sì kan ẹyọ kan ṣoṣo mọ́ etí òde ti ọ̀tún. Ìṣó kìn-ín-ní wọ́. Ìyá Tún-un-ṣe, tó dúró lé e lórí, tọ́ka sí i. Ó yọ ọ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tọ́, ṣùgbọ́n awọ yẹ̀ díẹ̀. Ìyá náà tún tọ́ka. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u palẹ̀ kí ìka náà tó sinmi.

Wọ́n fi odidi ọjọ́ kan sinmi kí ìrora orúnkún lè rọlẹ̀, olùtọ́jú sì bá wọn fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí aránṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá náà wọ bàtà, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, ó rìn dé igun tó kàn, ó sì padà wá. Kò sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ó kàn ní kí Amọ̀nà gbé àpò.

Òun ló síwájú láti ìgbà náà lọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ yí igun kan, yóò dúró, yóò ní kí Amọ̀nà sọ ohun tó wà níwájú. Amọ̀nà yóò ní òun kò mọ̀. Ìyá yóò mi orí, yóò ní ó gbà á, bí ẹni ń yin ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì. Ó pe orúkọ náà, Amọ̀nà, ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Èyí ló burú jù.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Lọ́jọ́ kẹta ìrìn, wọ́n dé ibi kan tí ilẹ̀ funfun, tó kún fún wẹ́wẹ́ òkúta. Amọ̀nà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣà díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rà á. Ó ní ibí ni imú bàtà ti máa ń gé, àti pé ẹni tó bá gba orí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní rí wàhálà. Ìyá wò ó, ó bọ́ sórí koríko, wọ́n sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí bàtà ti ń sọ fún un láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe irọ́. Òun ló kọ ojú ọ̀rọ̀ náà sódì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ìrìn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí ìlú kejì. Aránṣọ ti wọ bọ́ọ̀sì wá dè wọ́n, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, nítorí pé olùtọ́jú ilé ti rò fún un lórí tẹlifóònù ju bí wọ́n ṣe rán an lọ. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Tún-un-ṣe ló kọ́kọ́ wò, ó rí i pé obìnrin náà kò tiro, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó béèrè pé, “Ìyá, ṣé Baba wa mọ ọ̀nà?”

“Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí.”

Ìyá Tún-un-ṣe kò jókòó. Ó yíjú padà, ó wo òkè tó sọ̀kalẹ̀ láti orí rẹ̀, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn tí kò fẹ́ pa ìwé dé. Iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó béèrè ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò gbéra. Aránṣọ ní ó ku wákàtí méjì.

Ó ní, “Ó tó. Igun tó gbẹ̀yìn yẹn, mo fẹ́ padà lọ wo bó ṣe rí láti ìhà ibí.”

Aránṣọ ṣí ẹnu láti bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ ibùdókọ̀, láàárín èrò, ó ti ń tú àpò irinṣẹ́.

Amọ̀nà ní, “Ẹ jókòó ná, Ìyá. Ẹ bọ́ bàtà. Ibòmíràn lẹ fẹ́ kọjú sí.”